Dámilóhùn Kò Dáhùn

Ní aago méje àárọ̀ Sátidé, Màmá kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, ògiri ò sọ nǹkan kan.

Ó dúró díẹ̀, ó tún kàn án: kó, kó, kó. Ó gbé etí lé e. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́wọ́ mọ́ ọn létí, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìró kankan.

Láti ọjọ́ kẹta tí Màmá ti Ìlọrà dé sílé Ezekiel ọmọ rẹ̀ ní Mulhuddart, lẹ́bàá Dublin ní Ireland, ni òun àti Noreen, ìyá àgbà òyìnbó tó ń dá gbé ilé kejì, ti máa ń kí ara wọn báyìí. Ilé méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n, yàrá tí wọ́n fún Màmá sì kọ ẹ̀yìn sí yàrá tí Noreen ń sùn. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Noreen ò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Màmá ní òun ò lè sùn ti èèyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́ kí òun má kí i, ìyẹn kì í ṣe ìwà ọmọ èèyàn. Bí ó bá kan ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, "Ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí ire?" nìyẹn. Noreen á kàn án padà lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ni "A dúpẹ́." Ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn débi pé ó fún Noreen lórúkọ. Ẹ mọ bí ìyàwó tuntun ṣe máa ń fún àwọn ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, tó máa pe èyí ní Ìbàdíàrán, tó máa pe tọ̀hún ní Eyínmẹ́nugún. Màmá ní òun ni ìyàwó tó dé kẹ́yìn sí òpópónà yìí, nítorí náà ó sọ gbogbo wọn lórúkọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kì í dúró ń jẹ́ Sáré-Kọjá. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ń jẹ́ Kò-Mú-Tèmi-Wá. Noreen ló gba orúkọ tó dára jù nínú wọn, Dámilóhùn, torí pé òun nìkan ló ń dáhùn. Màmá ò sọ orúkọ náà fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹnikẹ́ni ò sì bi í.

Ezekiel máa ń gbọ́ ìró náà láràárọ̀ bó ṣe ń wọ bàtà iṣẹ́. Ó ti pinnu pé páìpù omi ló bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀wé sí obìnrin tó ń bójú tó ilé náà fún onílé.

Ọjọ́ kẹta ooru ni Sátidé yẹn. Rédíò ní ó ti kọjá ìwọ̀n ọgbọ̀n, kí gbogbo èèyàn máa mu omi, kí wọ́n máa yẹ àwọn arúgbó tó wà nítòsí wọn wò. Ta ló ń gbọ́? Gbogbo Dublin ti bọ́ aṣọ, wọ́n gbé àga síta, wọ́n pọ́n bí tòmátì, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé ojú ọjọ́ mà dára o. Ó dára fún ẹni tó rí ìbòòji. Ilé òtútù ni wọ́n kọ́ fún wa níbí. Ooru tó bá wọ inú rẹ̀ kì í jáde mọ́, bí ìgbà tí wọ́n da ògì gbígbóná sí inú fúláàsì ni. Fèrèsé yàrá Màmá ò ṣí ju ìbú ọwọ́ lọ, irin ni onílé fi dè é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ gan-an ni kọ́bọ́ọ̀dù táǹkì omi gbígbóná wà, èyí tí àwọn ará Ireland ń pè ní hot press. Èèyàn á san owó ilé kí oṣù tó pé, wọ́n á sì tún dè é mọ́ inú ààrò.

Láti Ọjọ́bọ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan fún Ezekiel: "Ah, you'd be used to it," pé ooru ti mọ́ ọn lára. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́ ní ilé ìkẹ́rùsí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Damastown, nígbà tó ń pín fáànù. Ó gbé ọ̀kan fún ará Ireland, ó gbé ọ̀kan fún ará Poland, ó fọwọ́ gbá Ezekiel léjìká, ó kọjá. Kí ni Ezekiel wá ṣe? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ Ìlọrà ni òun, kí ni oòrùn Ireland fẹ́ fi òun ṣe? Abẹ́ páànù ló ti ń gbé páálí títí di ìrọ̀lẹ́. Orí fọ́ ọ dé ilé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Motúnráyọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n ra fáànù fún Màmá, ìgbéraga yẹn náà ló fi fèsì.

"Fáànù? Ní Ireland? Kí wọ́n tó gbé e délé, òjò á ti máa rọ̀. Ṣebí Màmá mú abẹ̀bẹ̀ wá."

Lóòótọ́ ni. Gbogbo wọn ló fi abẹ̀bẹ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí Màmá dé. Màmá ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín, ibi tí èèyàn bá ń gbé, oòrùn ń débẹ̀.

Nígbà tí ògiri ò dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, Màmá dìde láti sọ̀kalẹ̀ lọ sọ fún wọn. Òun fúnra rẹ̀ ò fojú kan oorun láti àná, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó dé àárín àtẹ̀gùn, òyì kọ́ ọ, ó jókòó. Ibẹ̀ ni Ezekiel ti bá a. Ó fọwọ́ kàn án níwájú orí.

"Yé! Màmá, ara yín mà gbóná!"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni ṣe ń ti èèyàn sí kòtò. Nínú èdè wa, ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ibà ló ń ṣe é, kò sí ẹni tó tún ń bi oòrùn léèrè. Bí Ezekiel ṣe sọ ọ́ lẹ́nu báyìí ló ti gbà á gbọ́.

"Ibà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré tí ẹ ti ilé dé, ẹ gbé e wá látilé ni."

"Kì í ṣe ibà," Màmá fi ohùn gbígbẹ sọ. "Dámilóhùn ni. Dámilóhùn..."

"Àmín!" ni Ezekiel wí. "Ọlọ́run á dá yín lóhùn, Màmá."

Ó gbé e padà sórí ibùsùn. Ó ti fèrèsé, kí atẹ́gùn má bàa wọ ara aláìsàn. Ó ṣí hot press, ó fa kúbùsù tó nípọn jù níbẹ̀ yọ, èyí tí wọ́n ń lò ní oṣù Kejìlá, ó fi bo ìyá rẹ̀ dé ọrùn kó lè làágùn ibà náà dànù. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ọbẹ̀ ata kaná, ata rodo mẹ́fà. Ìfẹ́ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ìkórìíra ò lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, ó pe Sísítà Priscilla ní ìjọ wọn, ẹni tó mọ̀ nípa gbogbo àìsàn. Ó gbé fóònù síbi tí Màmá á ti máa gbọ́.

"Bùrọ́dá Ezekiel, ibà ni, ẹ má bẹ̀rù," ni Sísítà Priscilla wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n làágùn dáadáa. Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

Màmá ti gbọ́. Ó yọ orí jáde lábẹ́ kúbùsù. "Dámilóhùn ò dá mi lóhùn láti àárọ̀! Ẹ lọ bá mi wò ó nílé!"

"Halelúyà! Bùrọ́dá, ẹ ò gbọ́ bí Màmá ṣe ń bá Ọlọ́run jìjàkadì bíi Jákọ́bù? Á dá yín lóhùn, Màmá! Lónìí yìí, lónìí yìí!" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ilé tí wọ́n ń pè yẹn, àárò ilé ń sọ wọ́n ni. Kí ẹ bá wọn pe àwọn ará Ìlọrà o."

Ezekiel ṣèlérí pé òun á pè wọ́n bí ibà náà bá ti lọ. Màmá wò ó títí. Ó yí ojú sí ògiri.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Odindi ni Màmá ń sọ láti àárọ̀, àbọ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé náà ni ì bá ti yé, Iyìolúwa, ọmọ Ezekiel, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n bí sí Dublin. Ṣùgbọ́n Iyìolúwa ò jí kí aago mọ́kànlá tó lù. Nígbà tó jí, ó mú aṣọ ìnura, ó lọ sá ara rẹ̀ sóòrùn lẹ́yìnkùlé bí èlùbọ́, orin ń ké sí i létí méjèèjì.

Aago méjìlá kọjá. Oòrùn ti yí dé iwájú ilé. Màmá tún na ọwọ́ jáde lábẹ́ kúbùsù, ó fi ìka kan ògiri. Kò sí nǹkan kan.

Ní aago kan kọjá díẹ̀, Motúnráyọ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Swords ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì méjì ló sì ń wọ̀ kó tó délé. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń fún arúgbó méjìlá lómi ní wákàtí wákàtí, tó ń kọ iye ife tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu sórí pépà. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn ata pàdé rẹ̀. Ó gun òkè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Dádì Iyì, kí lẹ fi bo Màmá?"

"Ibà ni. Ara wọn gbóná."

"Ara wọn gbóná? Ara tèmi náà gbóná! Ara ògiri gbóná! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wá kúbùsù bo ògiri náà!"

"Motún, má pariwo mọ́ mi nínú ilé mi."

"Ilé wo? Èyí tí fèrèsé ẹ̀ ò ṣí?" Ó ti fa kúbùsù náà jù sílẹ̀, ó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. "Bí mo bá fi nǹkan báyìí bo arúgbó òyìnbó kan lónìí, ọlọ́pàá á mú mi kí n tó dé ibi bọ́ọ̀sì. Ìyá yín lẹ wá ń sè bí ẹ̀wà!"

"Ìwọ tó mọ̀ ọ́n, ṣé o wà nílé?"

Ọ̀rọ̀ náà ba Motúnráyọ̀ níbi tó dùn ún. Arúgbó méjìlá, pépà méjìlá. Kò sí pépà kankan lára fíríìjì tiwọn.

Ó fi ìbínú yẹn ṣiṣẹ́. Ó ṣí fèrèsé dé ibi tí irin gbà á dé, ó fa aṣọ fèrèsé bo oòrùn, ó ki ẹsẹ̀ Màmá bọ inú abọ́ omi tútù, ó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù sí i lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi ní díẹ̀díẹ̀. Ezekiel dúró sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí Màmá mu ife kejì tán, ojú rẹ̀ là.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kó o jèrè ọmọ. Ẹ gbọ́ mi wàyí. Dámilóhùn ò sọ̀rọ̀. Ó wà lẹ́yìn ògiri yìí, kò sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Motúnráyọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wọn níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an: bí ooru bá mú arúgbó, tó wá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò yéèyàn, ọ̀rọ̀ ti di ti áńbúláǹsì. Àwa èèyàn, bí àìmọ̀kan bá fi wá sílẹ̀ tán, ìmọ̀ á tún gbà wá mú. Ó fa fóònù yọ.

"Màmá, ẹ dákun, kí lorúkọ yín?"

"Kòfowórọlá. Ìwọ ńkọ́, o ti gbàgbé tìrẹ ni?"

"Ìlú wo la wà yìí?"

"Ìlú tí wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀."

"Wọ́n ti ń sọ kántankàntan," ni Motúnráyọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, omi ti dé ojú rẹ̀.

Màmá yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú omi. Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó dì í mú sódì, ó fi igi ìdí rẹ̀ lu ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, tagbára tagbára. Gbogbo ilé mì. Ó gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Iyìolúwa ló yọjú sẹ́nu ọ̀nà, yìnyín aládùn ń yọ́ sí i lọ́wọ́. Ariwo náà ti la orin kọjá sí i létí.

"Did Noreen not knock back?" ó béèrè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sí i.

"Ta ni kò ṣe kí ni?" ni Ezekiel wí.

"Noreen. Grandma knocks, Noreen knocks back. Every morning, like." Ó wo ojú bàbá rẹ̀. "Daddy. You thought it was the pipes?"

Motúnráyọ̀ sọ fóònù kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ta ló ń jẹ́ Dámilóhùn?"

Màmá na abẹ̀bẹ̀ sí ògiri. "Ẹni tó ń dá mi lóhùn! Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Wọ́n sáré. Ezekiel kan ilẹ̀kùn Noreen, ó tẹ aago rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu ú. Ọkùnrin kan tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tó na ẹsẹ̀ sórí àga ní òdìkejì títì, gbé ife bíà rẹ̀ sókè sí wọn. "Noreen? Ah, she's grand," ó ní, bí ẹni ń sọ pé àlàáfíà ló wà. "I was only talking to her Thursday."

Ọjọ́bọ̀. Sátidé la wà. Gbogbo òpópónà ló ti rí Noreen ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ògiri bá nípọn débi pé a ò gbọ́ hẹ̀rẹ̀huru.

Iyìolúwa ti gba ẹ̀yìnkùlé, ó fo ọgbà kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ò tì. Láìpẹ́, ó ṣí ti iwájú fún wọn, ojú rẹ̀ ti fún. Ooru tó jáde síni nínú ilé náà ju ti ààrò lọ. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì. Motúnráyọ̀ kọ́kọ́ gun òkè.

Noreen wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀wù òtútù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná janjan. Ó ń mí. Ó ń sọ nǹkan kan fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wà lára ògiri, níbi tí Màmá ń kàn.

"Iyì, pe 999!" ni Motúnráyọ̀ wí. "Sọ fún wọn pé ooru ló mú un, pé ó ń sọ ìsọkúsọ. Dádì Iyì, ẹ bu omi wá, ẹ rẹ gbogbo táwẹ́ẹ̀lì tẹ́ ẹ bá rí. Ẹ ṣí gbogbo fèrèsé!"

Èyí ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀ mọ́. Ó bọ́ ẹ̀wù náà. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tútù sí ọrùn, sí abíyá, ó ń wọ́n omi sí apá àti ẹsẹ̀. Ezekiel ń gùn, ó ń sọ̀, abọ́ omi lọ́wọ́, kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Ohùn inú fóònù ní kí wọ́n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ. Fáànù dà? Wọ́n wo ara wọn.

Ìgbà yẹn ni Màmá dé. Motúnráyọ̀ ti ní kó jókòó, ta ló gbọ́? Ó fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, ó fi ìkejì mú abẹ̀bẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ, ó fẹ́ ẹ, atẹ́gùn ń gba orí ara tútù náà kọjá. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, Iyìolúwa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bá a lọ. Màmá fi ìka kan ilẹ̀ pákó náà lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́.

"Dámilóhùn," ó ní. "Mo ní ẹ káàárọ̀."

Ó pẹ́. Ojú Noreen rìn kiri, ó bọ́ sórí Màmá, ó dúró síbẹ̀. Ìka rẹ̀ méjì gbéra lórí pákó. Kó. Kó.

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó tún bú sẹ́kún, kò sì sí ẹni tó lè sọ èyí tó pọ̀ jù. Motúnráyọ̀ ti gbé ife sí Noreen lẹ́nu, ó ń fún un ní omi ní díẹ̀díẹ̀, torí ẹni tó bá dáhùn lè gbé omi mì.

Nígbà tí áńbúláǹsì dé, ọkùnrin tó wọlé wo àwọn táwẹ́ẹ̀lì náà, ó wo abẹ̀bẹ̀, ó ní ẹni tó ṣe èyí mọ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí kan sí i ni wọ́n pe àwọn ni, ohun mìíràn ni àwọn ì bá wá gbé. Ó bi wọ́n bóyá ẹbí rẹ̀ ni wọ́n. Noreen ò bímọ, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́.

"Kí ló wí?" ni Màmá béèrè.

Iyìolúwa, tí kì í fi Yorùbá dá ẹnikẹ́ni lóhùn láti kékeré, wá a lẹ́nu. "Wọ́n ní... ṣé ẹbí wa ni?"

"Sọ fún un pé ògiri kan náà ló bí wa," ni Màmá wí.

Iyìolúwa sọ ọ́ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin náà ní ìyẹn tó, ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jókòó sí ìbòòji lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ gbogbo wọn wà nínú abọ́ omi. Àkàrà àti ògì tútù ni Motúnráyọ̀ gbé kalẹ̀. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ọbẹ̀ ata, àfi Ezekiel, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ gbé e síwájú rẹ̀. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń làágùn yọ̀bọ̀, gbogbo wọn ń wò ó.

"Ṣé ibà náà ti ń lọ?" ni Màmá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Iyìolúwa rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà sínú abọ́ omi. Sísítà Priscilla pè láti béèrè bóyá Ọlọ́run ti dá Màmá lóhùn. Ezekiel ní bẹ́ẹ̀ ni, Ó ti dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn tó sọ̀rọ̀ yẹn tán, kò jẹ ọbẹ̀ náà mọ́.

Ó dìde lọ sínú ilé. Nígbà tí Motúnráyọ̀ wọlé tẹ̀ lé e, ó bá a níwájú fíríìjì, ó ń fi rúlà fa ìlà sórí pépà. Ó ti kọ Màmá sí òkè, ó kọ Noreen sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó kọ Ezekiel sí ìkẹta.

"Láti Ọjọ́bọ̀ ni orí ti ń fọ́ mi," ó ní, kò wo ẹ̀yìn. "Ooru mú mi, Motún. Ó mú mi gan-an ni."

Motúnráyọ̀ bu omi fún un. Ó mu ún tán níwájú rẹ̀. Obìnrin náà fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Ezekiel sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún ọ̀gá rẹ̀ ní Damastown, ó ní ooru ò mọ́ òun lára rárá, òun náà fẹ́ fáànù. Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni pé ó ń ṣàwàdà. Ezekiel ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọ̀sán kí wọ́n tó gbé e wá, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e wá.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu àtẹ̀gùn nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin tó ń bójú tó ilé fún onílé ni. Ó tọrọ àforíjì pé ìwé Ezekiel ti pẹ́ lọ́dọ̀ òun. Ọ̀rọ̀ páìpù tó ń kan ògiri yẹn, ṣé ó ṣì ń dún, kí òun rán ẹni tó ń tún páìpù ṣe wá lọ́la?

Ezekiel fẹ́ fèsì. Lókè, ó gbọ́ tí Màmá dìde lórí ibùsùn. Wọ́n ti gbé Noreen dé láti ilé ìwòsàn ní wákàtí kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n Màmá ní òun ò ní kan ògiri, kí ó sinmi. Kì í ṣe Màmá ló kàn án. Láti inú ilé kejì ni ó ti wá, jẹ́jẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta: kó, kó, kó. Noreen ló kọ́kọ́ kí i.

Màmá pariwo ayọ̀, ó sì dáhùn.

"Hello?" ni obìnrin inú fóònù ń wí. "Is it still knocking?"

Ezekiel fi ọwọ́ lé ògiri. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń dún, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe o.